Yàrá Ìsàlẹ̀ Ilé Harold

N kò rí oorun sùn mọ́ láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi, Harold Adébùsọ́lá, ti kú ní Ayépé. Àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ń dà mí láàmú. Orúnkún tèmi náà ń dà mí láàmú. Ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n tún ti tì pa, opó kan sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò lè dá sọ̀kalẹ̀. Ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ní “lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́” ló lọ. Àìsàn ráńpẹ́! Harold ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ṣé àtẹ̀gùn ló ń jẹ́ àìsàn ráńpẹ́ ní òkè òkun tí ọmọ rẹ̀ ń gbé?

Wolé-wolé ìjọba ni Harold nígbà tó lágbára. Kò sí ilé ní Ayépé tí kò wọ̀ rí. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti yọ, gbogbo obìnrin á gbá ìgbálẹ̀ mú. Á tẹjú mọ́ àmù, á rí tanwíji, á bú sẹ́rìn-ín: “Ìyàwó, ẹ̀fọn lẹ ń sìn níbí? Ṣé ẹ ń tà á ni?” Kì í tètè kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Á dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi fọ àmù náà. Ọkùnrin tó wọ gbogbo ilé nítorí ìlera àwọn onílé, ta ló wọ ilé tirẹ̀ wò nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọṣẹ́?

Yàrá kan wà nísàlẹ̀ ilé náà tó ní ilé ìwẹ̀ nínú. Bọ̀wálé, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Kánádà, ló ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ àpò lọ. Ọdún Kérésì tó bá wálé nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ìṣojú mi ni Harold ti tọrọ yàrá yìí lọ́wọ́ rẹ̀ lórí fóònù.

“Dádì, rọ́ọ̀gì funfun ló wà níbẹ̀ o. Ẹ fara dà á. Tí mo bá dé, a máa jọ sọ ọ́.”

“Ṣé ẹsẹ̀ mi á dúró dè ọ́ ni?”

“Ẹ̀yin náà! Ẹ ó dàgbà, ẹ ó tọ́jọ́, lágbára Ọlọ́run.”

Harold gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí. “O gbọ́? Wọ́n ti fi àdúrà sé mi lẹ́nu.”

Ẹ̀mí gígùn là ń tọrọ láàárọ̀ lálẹ́. Ta ló ń ṣètò de ẹ̀mí gígùn náà bí ó bá dé? Ta ni yóò máa sùn ti bàbá? Ta ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn? Bí o bá béèrè, wọ́n á ní ibi lò ń fẹ́ fún wọn. “Ọmọ á sin ọ́” là ń kí ara wa. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n rò pé òkú sínsin nìkan la bí wọn fún.

Nígbà tí Harold kú, ìpàdé bẹ̀rẹ̀! Àwọn tí kò ráyè sọ̀rọ̀ ibi tí bàbá wọn yóò máa sùn ráyè jiyàn lórí àwọ̀ pósí. Wọ́n kun ilé. Wọ́n ṣí yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì tẹ́ Harold síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Gbogbo ìlú fi bàtà tẹ rọ́ọ̀gì náà. Oníwàásù ní ọmọ rere ni wọ́n, ìjọ ṣe àmín.

Ìsìnkú parí, wọ́n fọ rọ́ọ̀gì, wọ́n ti yàrá. Matilda ìyá wọn, tó ń di ògiri mú rìn, wọ́n dá a padà sókè. Mo bi Moṣọpẹ́, àbúrò Bọ̀wálé, léèrè ìdí tí ìyá wọn kò fi lè máa sùn ní yàrá ìsàlẹ̀.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká sinmi ná. Ìsìnkú yìí ti tán wa lókun.”

Sinmi? Iṣẹ́ wo ló rẹ̀ yín?

Ẹ̀yin ọmọ Harold, ẹ má fi ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ìdáhùn ni mo fẹ́, kí àwọn àgbà ìjọ tó ṣe àmín sì wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ta ni yóò máa gbé ti Matilda? Ta ni yóò gbé ibùsùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bọ̀wálé ń padà sí Kánádà, nítorí náà yóò ṣì wà nílé ní ọjọ́ Ajé tí mo ń bọ̀. Wolé-wolé Ayépé ti kú, ṣùgbọ́n ilé yẹn yóò rí wolé-wolé. Orúnkún mi ì báà wú, mo ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Kí Bọ̀wálé mú kọ́kọ́rọ́ dání. Bí kò bá mú un, èmi àti káfíńtà la jọ ń bọ̀, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.