Ọjọ́ Tí A Ò Fẹ́ Kí Iná Dé

Àbúrò mi obìnrin pè mí láti Oǹdó pé kọ̀ǹpútà òun kò gba ètò ìdánwò. Ilé iṣẹ́ òkè òkun kan ló fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìdánwò náà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, orí ẹ̀rọ tó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ló sì gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Láti ìgbà tó ti sin ìlú tán, ilé ìyá wa ló wà, ó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Wàyí o, wọ́n ní báyọ́ọ̀sì ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó jù.

Báyọ́ọ̀sì ni ètò kékeré inú mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tó so gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ pọ̀, òun ló ń jí kọ̀ǹpútà dìde tí a bá tàn án. Èèyàn lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àmọ́ iná ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú tí iṣẹ́ náà bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá já láàárín, èyí àtijọ́ ti lọ, tuntun ò tíì dé, ẹ̀rọ kú nìyẹn. Ojú mi ti rí ọ̀kan tó kú bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Àkúrẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní í parọ́. Nígbà tí òjò dá mọ́tò wa dúró lẹ́bàá Bọ́lọ́rundúró, lọ́nà Oǹdó, ó dà bíi kí n padà sílé.

Kò sí iná ní Oǹdó láti ọjọ́ mélòó kan. Bátìrì tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà ró ti kú tipẹ́, ó wá ku jẹnẹrétọ̀ nìkan. Mo rọ epo kún un, mo fọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún ìyá wa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, jẹnẹrétọ̀ yìí ò gbọdọ̀ kú."

Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó gbé àga lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ni tirẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìlà funfun kan ń wọ́ lọ lójú ẹ̀rọ bí ìgbín. Àbúrò mi jókòó tì mí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti dún bákan, màá yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ìlà yẹn ti kọjá ìdajì nígbà tí ariwo àwọn ọmọdé sọ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!"

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Mo ti ń bẹ̀rù kí iná má lọ, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé iná lè dé. Ta ló ń jó epo nílẹ̀ yìí nígbà tí iná ìjọba bá ti dé? Kí ariwo tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹnìkan á ti fò mọ́ ṣéńjíófà, irin tí a fi ń yí ilé kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ bọ́ sórí iná ìjọba, iná á sì já fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ ẹni á ti ṣe é kí ọkàn tó rò ó.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Mo sáré gba kọ́rídọ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì bo tèmi mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ gbàgà. Fáànù pálọ̀ rọra dẹwọ́, ó tún ń yí lọ.

Mo padà sí yàrá. Ojú ẹ̀rọ ti dúdú. Mo tẹ bọ́tìnì, nǹkan kan yí nínú rẹ̀, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ nǹkan, àmọ́ ta ni mo fẹ́ bínú sí? Àbúrò mi ò sunkún. Ọwọ́ mi tó ń tẹ bọ́tìnì ló kàn ń wò.

Màmá wọlé, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run? Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbààwẹ̀ pé kí iná dé torí ìdánwò yìí."

Àbúrò mi dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé, Màmá."

Ó wá lọ bu omi tí Màmá máa fi ṣínu.