Pijó Kékeré Tí Àmọ̀kẹ́ Kùn fún Bàbá Rẹ̀

Ní Ìkìrun, wọ́n mọ Àmọ̀kẹ́ sí obìnrin tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò. Iṣẹ́ yìí ló ń ṣe láti ìgbà tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dẹ́rù bà á jù, lọ́dún 1993, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ ní gígùn.

Bàbá rẹ̀, Fákáyọ̀dé ará Òkúkù, ti fi Pijó aláwọ̀ ewé kó èrò títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n ta mọ́tò náà. Dókítà wá ní àwọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú náà: ó lè là, ó sì lè fọ́ pátápátá. Bàbá kò bẹ̀rù ọ̀bẹ. Ohun tó sọ ni pé, "Ó wù mí kí n tún rí Pijó mi kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú yìí."

Àmọ̀kẹ́ wá mọ́tò náà títí, kò rí i. Ló bá fi igi ọmọ̀ gbẹ́ irú rẹ̀ kékeré, ó fi pọ́tì dí ojú igi, ó sì fi sáńpépà ha á títí ara rẹ̀ fi jọ̀lọ̀. Ojú bàbá kò lè rí fèrèsé tàbí iná kékeré ara mọ́tò mọ́. Dídán nìkan ló lè rí. Ọ̀dà náà gbọ́dọ̀ dán bí omi inú àwo.

Ọ̀la ni wọn yóò gbé bàbá lọ sí ọsibítù, òjò sì ti ṣú nígbà tí Àmọ̀kẹ́ fín ọ̀dà ìkẹyìn. Kò pẹ́ tí ara mọ́tò náà fi funfun bàì, bí ìgbà tí ènìyàn mí sára dígí. Ọ̀rinrin ti wọnú ọ̀dà.

Tímótì àbúrò rẹ̀, tó wá mú un lọ sí Òkúkù, wò ó. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Bàámi ò ní mọ̀."

"Wọ́n á mọ̀. Ọwọ́ wọn ló ń nu Pijó yẹn lójoojúmọ́ kí wọ́n tó tà á."

Ó fi sáńpépà olómi ha ibi tó funfun kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá ha á kan igi, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ó gbé àdògán eléèédú wọ ṣọ́ọ̀bù kí inú rẹ̀ lè gbẹ, ó sì gbé e jáde kí ó tó ṣí tínà tó fi ń po ọ̀dà, nítorí tínà àti iná kì í gbélé pọ̀. Ó fín ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró, ó tún fín in. Òjò ń lu páànù. Tímótì ń gbàdúrà sínú. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn.

Kò funfun mọ́. Nígbà tó gbẹ, ó fi kọ́ńpáùn tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà àti aṣọ òwú nù ún títí ó fi rí eyín ara rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn mọ́tò náà. Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé páálí tó kó mọ́tò náà sí lé itan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án títí wọ́n fi kọjá Inísà.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti yọ ní Òkúkù. Fákáyọ̀dé gbé mọ́tò náà sókè, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ó ń kọ mànà," ló wí. Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn mọ́tò náà. "Ibí yìí ga jù. Tèmi rẹlẹ̀ lẹ́yìn, ẹrù iṣu ló tẹ̀ ẹ́."

Àmọ̀kẹ́ ní, "Bàámi, a ò tíì di ẹrù sí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ojú ọ̀tún kò là. Ti òsì là díẹ̀, ó sì fi mọ ọmọ rẹ̀ lókèèrè títí ọlọ́jọ́ fi dé.