Òwú Pupa Tó Wà Lẹ́nu Wáyà Hóònù

Nígbà tí orí mi kò tíì ga tó bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù bàbá mi, mo ṣẹ ọkùnrin kan, mo sì dákẹ́. Ọkùnrin náà pàdánù orúkọ rere rẹ̀ ní Ọ̀fà nítorí ìdákẹ́ mi yẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ó ka ìwé yìí mọ̀ mí sí ẹni tí kì í gba ìwọ̀sí. Ẹ mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣe iṣẹ́ mi níṣekúṣe, lẹ́tà mi á ti dé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó ṣú, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ohun tí onítọ̀hún sọ lẹ́nu. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí fi dìde sí mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Iṣu ni bàbá mi ń tà. Ojoku ló ti ń rà á, á fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó o wá sí ìdíkọ̀ rélùwéè ní Ọ̀fà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kó o sínú ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ náà ní àwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí àyàfi bí èèyàn bá fi èjìká tì í láti inú. Àwa ọmọ ilé mọ ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Bí hóònù rẹ̀ bá dún lókèèrè báyìí, ẹni tó ń ṣeré á ju eré sílẹ̀, ẹni tó ń sùn á dìde, torí bàbá mi kì í fẹ́ bá ọmọ tó jókòó lásán.

Ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ náà ṣe, Ríwáyà là ń pè é, torí iṣẹ́ wáyà ló mọ̀. Ọmọ Ilemona ni, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí kò jìnnà sílé wa. Ọkùnrin tó ga, tí kì í pariwo. Ó máa ń fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan wáyà, bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ń ta òwú ìránṣọ, òwú yẹn gan-an ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ.

Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀, wáyà ló kún ibẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra bí ìfun ẹran. Ìparí wáyà kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, akọ ń wọ inú abo, ibẹ̀ ni iná ń gbà kọjá. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní tuntun, wáyà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eruku Ojoku àti epo bá ti bò wọ́n fún ọdún díẹ̀, gbogbo wọn á di àwọ̀ kan náà. Kí Ríwáyà tó ya akọ kúrò lára abo, á kọ́kọ́ so òwú aláwọ̀ kan náà mọ́ àwọn méjèèjì: pupa fún hóònù, funfun fún iná iwájú, yẹ́lò fún tíráfíkétọ̀, búlúù fún wáípà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó bá padà dé, kò ní í ṣe ju kó mú pupa kó kì í bọ pupa lọ.

Ní ọdún kan, òjò wọ iwájú ọkọ̀, wáyà jó. Ọjọ́bọ̀ ni Ríwáyà wá, ó tú gbogbo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó so òwú rẹ̀ bó ṣe máa ń so ó, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, torí ọjọ́ Jímọ̀ ló tẹ̀lé e. Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ kí inú rẹ̀ gbẹ.

Èmi ní ọmọláńgidi kan tí mo fi kùkù àgbàdo ṣe. Mo máa ń fi ọ̀já pọ̀n ọ́n. Gbogbo ohun tó kù fún un ni irun. Nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ kírun Jímọ̀, mo wọ inú ọkọ̀, mo gbójú sókè, mo rí òwú tó ń rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: pupa, funfun, yẹ́lò, búlúù, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ́ ọjà sílẹ̀. Mo jókòó, mo fara balẹ̀ tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí kò fi ku ẹyọ kan, mo sì fi gbogbo rẹ̀ di irun fún ọmọ mi. Ẹ má bi mí léèrè bóyá mo mọ̀ pé wọ́n wúlò. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi. Ìyẹn tó.

Ríwáyà dé ní Sátidé, ó fọ ọwọ́, ó tẹ̀ ba wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó yọ orí.

"Alhaji, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí?"

"Ta ni yóò fọwọ́ kàn án? Ará ilé mi lo fẹ́ fi ṣe olè ni?" Iṣu bàbá mi ti wà nílẹ̀ ní Ojoku, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. "Ibi tó o ti yọ ọ́ ni kó o dá a padà sí, jàre. Iṣu ń dúró dè mí."

Ríwáyà bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyè inú ṣe é, torí bàbá mi dúró lé e lórí. Nígbà tó parí, bàbá mi wọlé, ó tẹ hóònù. Wáípà gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì gbígbẹ. Ó fa tíráfíkétọ̀ sí ọ̀tún, iná iwájú tàn. Ká tó ṣẹ́jú, èrò ti pé. Onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé wa ló kọ́kọ́ fẹnu sí i:

"Alhaji, ẹ rọra o! Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi rédíò!"

"Ríwáyà, hóònù tìẹ ló ń nu gíláàsì!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdún wo lo ti ń ṣiṣẹ́ yìí? Ṣé bí o ṣe ń ba ọkọ̀ àwọn èèyàn jẹ́ kiri nìyí?"

Ríwáyà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́, Alhaji." Ó mú bọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní wáyà méjì lára, òun ló fi ń wá ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan lọ: á fi iná kan wáyà níwájú, ẹnìkan á di bọ́ọ̀bù mú níbi tó ṣeé ṣe kí wáyà náà já sí, bó bá tàn, ó ti rí i nìyẹn. Bó ṣe gbójú sókè tó ń wá ẹni tó máa bá a di bọ́ọ̀bù, èmi ló rí, tèmi ti ọmọláńgidi mi lẹ́yìn.

Ó wo irun ọmọ mi. Ó wò ó pẹ́.

"Ta ló di irun fún ọmọ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó rẹwà," ló wí. "Wá bá mi di bọ́ọ̀bù yìí mú."

Láti ìyálẹ̀ta títí wọ ìrọ̀lẹ́ ni a fi ṣe é. Òun wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, èmi ń sá láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn. "Ó tàn?" "Kò tàn, sà." "Níbẹ̀ yẹn ńkọ́?" "Ó tàn! Ó tàn!" Bó bá ti rí ọ̀kan, á rọra sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì má baà gbọ́: "Ṣé ọmọ ẹ lè yá wa ní òwú pupa díẹ̀? Ti hóònù nìyí." Màá tú u lórí ọmọ mi, màá nà án sí i. "Funfun ńkọ́? Iná iwájú nìyí." Báyìí ni mo ṣe mọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ. Nígbà tí iṣẹ́ parí, orí ọmọ mi ti pá kanlẹ̀. Ríwáyà kò tú òwú náà kúrò mọ́, ó fi téèpù dúdú wé e mọ́ wáyà.

Bàbá mi tẹ hóònù, hóònù dún. Ohun gbogbo ṣe bó ṣe yẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dojú kọ àwọn tó dúró. "Ṣé ẹ rí i? Ó mọ̀ ọ́n ṣe láti òwúrọ̀. Ó fẹ́ fi ọjọ́ mi ṣòfò ni. Ríwáyà, má tún dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Mo wà níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ríwáyà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní "Ẹ ṣé, Alhaji," ó sì lọ láìwo ibi tí mo wà. Mo ti rò ó títí: ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ má wo ibẹ̀, torí bó bá wò mí, bàbá mi náà á wò mí.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi máa ń rìn jìnnà. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù gbọ́, wọn ò gbé ọkọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ Ríwáyà mọ́. Àwọn ọmọ ìta sọ ọ́ ní Hóònù-ń-nu-gíláàsì. Kí iṣu tuntun tó jáde, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù wọn padà sí Ilemona, igi máńgòrò yẹn sì ṣófo. Bàbá mi kú láìmọ̀. Mo kàwé, mo dé yunifásítì, mo di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo kọ lẹ́tà ẹ̀sùn tí n kò lè kà tán. N kò kọ èyí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àbúrò mi ọkùnrin ní òun fẹ́ jí píkọ́ọ̀pù náà dìde, èyí tó ti wà lábẹ́ páànù láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ó mú ọmọkùnrin ríwáyà kan wá. Ọmọkùnrin náà yọ dáṣíbọ́ọ̀dù láìsàmì sí ohunkóhun. Dípò kó fa ṣọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá yọ, ó fi píláyà gé abo wọn kúrò lẹ́nu wáyà, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú kan ṣoṣo, ó so ẹnu ọ̀rá náà, ó sì dàwátì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Nígbà tó padà dé, mo ní kó sọ èyí tó jẹ́ ti iná ẹ̀yìn fún mi. Ó ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo wọn jọra." Gbogbo wọn jọra! Mo wọlé lọ, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí alága ẹgbẹ́ wọn. Mo ti kọ ojú ewé méjì.

Kí n lè ka ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà dáadáa sínú lẹ́tà ni mo ṣe da ọ̀rá náà sórí tábìlì. Mo fi àkísà nu ọ̀kan, téèpù àtijọ́ ṣí kúrò lára ìwọ̀nba wáyà kúkúrú tó ṣẹ́kù sí i nídìí. Òwú pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó. Nígbà tó yá mo pe ọmọkùnrin náà.

"Eléyìí, hóònù ni."

"Mummy, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Irun ọmọ mi ni."

Ó wò mí, ó wo ojú ọ̀run. "Mummy, ṣé kí n bá yín gbé àga sí abẹ́ ìbòòji? Oòrùn ti mú jù."

Òwú ṣì wà lára mẹ́rin. Lára méje yòókù, eku tàbí ọjọ́ ti jẹ ẹ́. Mo ní kó mú bọ́ọ̀bù wá. Mo wá rí i pé kò ṣọ̀lẹ, kò sẹ́ni tó jókòó tì í kọ́ ọ ni. Mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tèmi ti orúnkún tó ń ro mí, mo ń kígbe "Ó tàn!" bí ọmọ kékeré. Ó fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń rí i. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mummy, ṣé òwú pupa wà nílé?"

Nígbà tí ọkọ̀ dára, n kò jẹ́ kí àbúrò mi gbé e lọ ibòmíràn. Mo ní ká kọ́kọ́ lọ sí Ilemona. Ibẹ̀ kò ṣòro láti rí, wọ́n ṣì ń pè é ní ilé Ríwáyà. Ọkùnrin náà ti kú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà, ó ti di arúgbó, ó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́ tán, láti orí ọmọláńgidi dé orí ìdákẹ́, n kò fo ọ̀kan.

Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló sọ fún mi. Mo ní kó padà lọ bá Alhaji. Ó ní wọ́n á na ọmọ náà." Ó mi orí. "Èmi bínú sí ẹ o, n kò ní í purọ́. Ó pẹ́ kí n tó jáwọ́. Òun ò bínú. Ó ní bí o ṣe di irun yẹn, ọwọ́ rẹ mọ́."

Àbúrò mi kò mọ ohun tó máa ṣe, ló bá tẹ hóònù. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ó ń dún," ló wí. "Kò nu gíláàsì."

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tiwa, ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. A ní ìwà ọmọlúàbí ni. Mo fi ara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ fọ́ ife kan, wọ́n ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí, ló bá dìde láàárín gbogbo wa: "Ẹ má bá a wí o, èmi ni." Àwọn kan ní ojú ọmọ òde òní ti là jù, ẹnu wọn gbó. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá. N kò ní í sọ ọ́ mọ́.

Lẹ́tà tí mo ń kọ sí alága yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ti fa igi sórí orúkọ ọmọkùnrin náà. Tèmi ni mo kọ sí i.