Géètì Òkè Ahoro

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé Babátọ́pẹ́, mégáàdì Òkè Ahoro, kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Èmi Lucy ni mo ni oko ẹ̀gẹ́ tó kángun sí wáyà òkè náà. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn Ẹ̀júkù, ìlú wa, ni òkè náà wà. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ irin. Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí irin wọn, ṣì kún ilẹ̀. Ìjọba fi wáyà yí i ká, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì fún Babátọ́pẹ́ ní kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà náà, kò wojú ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó kọjá, Dáníẹ́lì gbé òkú bàbá rẹ̀ wá kó lè sùn ti àwọn ará iwájú. Babátọ́pẹ́ dá a padà. Ẹkún tí ọkùnrin yẹn sun! Èmi gan-an bú Babátọ́pẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ní ọ̀dájú ni.

Ẹni bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Ìyá Babátọ́pẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ní kí wọ́n sin òun sórí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun. Babátọ́pẹ́ ní, "Ó dáa, Ìyá." Kí ni ì bá tún sọ? Ta ní ń bá ẹni tó ń lọ jiyàn?

Ni Lájídé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bá gbé pósí ìyá wọn dé ẹnu géètì, tòun ti ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Èrò tẹ̀ lé e. Dáníẹ́lì wà láàárín wọn, ó káwọ́ mọ́ àyà. 

Lájídé ní, "Ṣí i."

Babátọ́pẹ́ jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti géètì. Omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè ṣí i."

"Ìyá tó bí ẹ rèé! O ṣèlérí fún un!"

"Mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n mi ò ṣí i fún bàbá Dáníẹ́lì."

Lájídé gbé ọkọ́ sókè. Yéè! Mo figbe ta. Dáníẹ́lì ló di ọkọ́ náà mú, ó já a gbà, ó wá kọjú sí Babátọ́pẹ́.

"Ká ní o ṣí i lónìí ni, èmi pẹ̀lú ẹ là bá jọ kú síbí."

Ó rìn lọ sábẹ́ igi irú tó wà níta wáyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi bá a gbẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ ni Màmá sùn sí, kò jìnnà sí bẹ́ǹṣì tí Babátọ́pẹ́ ń jókòó sí. Lájídé ò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, á wá dúró nídìí sàréè, á kí i bí àwa ará ibí ṣe ń kíra wa, "Okun o, Ìyá." Kò ní wo apá ibi tí bẹ́ǹṣì wà rárá.

Babátọ́pẹ́ ni yóò dáhùn, jẹ́jẹ́. "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi."

Lájídé á gun ọ̀kadà rẹ̀, á lọ.