Àmì Àtàǹpàkò Lójú Lẹ́ńsì

Ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, ọkọ ni ó ń ya fọ́tò, ìyàwó ni ó ń tọ́jú lẹ́ńsì, dígí ojú kámẹ́rà. Ìyá Onílẹ́ńsì ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Yóò kọ́kọ́ fi rọ́bà tí a ń tẹ̀ kí ó tú afẹ́fẹ́ jáde fẹ́ eruku dànù, nítorí pé eruku tí a bá fi aṣọ gbígbẹ nù yóò ha dígí. Lẹ́yìn náà ni yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírun múlọ́múlọ́ gbá a. Bí ọ̀rá ọwọ́ bá wà níbẹ̀, yóò kán omi ìnulẹ́ńsì sára aṣọ, kì í ṣe sára dígí, yóò sì nù ún yípo láti àárín bọ̀ sí etí.

Ọkọ rẹ̀ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń pààrọ̀ lẹ́ńsì, àtàǹpàkò rẹ̀ a máa tẹ ojú dígí ṣáá.

"Bàbá wọn, kí ni lẹ́ńsì yìí ṣe fún yín tí ẹ fi ń tì í níka lójú?"

"Iṣẹ́ ni mò ń wá fún ẹ. Bí mi ò bá dọ̀tí ẹ̀, kí lo fẹ́ máa nù?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin náà pààrọ̀ lẹ́ńsì tán, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, ó jókòó, kò sì dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ gbé lẹ́ńsì ńlá tí ọkọ rẹ̀ pààrọ̀ kẹ́yìn síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Àmì àtàǹpàkò wà láàárín gbùngbùn, pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀ àti ojú àpá kékeré tí ọ̀bẹ dá sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ó gbé rọ́bà tí ó ti mú dání sílẹ̀. Ó fi lẹ́ńsì náà sínú àpò aláwọ, ó sì tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ó mọ̀ pé ọ̀rá ọwọ́ tí ó bá pẹ́ lójú dígí a máa jẹ ẹ́. Ó mọ̀ pé awọ a máa fa ọ̀rinrin, tí ọ̀rinrin a sì máa mú kí èébu hù lójú dígí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ó gba iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, wá béèrè.

"Ìyàwó wa, lẹ́ńsì ńlá yẹn dà? Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò gbé ojú èèyàn jáde dáadáa."

"Ọkọ mi, ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀ sí i."

"Ohun tẹ́ ẹ sọ lóṣù tó kọjá nìyẹn. Àbí ẹ fẹ́ fi ṣe ìrọ̀rí ni?"

"Àmì ọwọ́ bọ̀dá yín ló wà lójú ẹ̀."

Ọkùnrin náà padà sídìí kámẹ́rà. Kò béèrè mọ́.

Ìgbà òjò dé, ó sì kọjá. Nígbà tí ilé ìwé, tí ṣọ́ọ̀bù náà ti ń ya fọ́tò fún lọ́dọọdún, ní ẹlòmíràn ni yóò ya ti ọdún náà, tí ṣọ́ọ̀bù sì fẹ́ kógbá sílé, obìnrin náà ṣí àpótí. Èébu funfun ti ta bí òwú aláǹtakùn bo ojú lẹ́ńsì náà. Ó fẹ́ ẹ, ó gbá a, ó kán omi sára aṣọ, ó nù ún. Èébu òde kúrò, ṣùgbọ́n aṣọ kò lè dé ọ̀dọ̀ èyí tí ó ti wọ inú. Níbi tí àtàǹpàkò wà, àbàwọ́n bàìbàì kan ṣoṣo ni ó kù. Kò ní ìlà, kò ní àpá.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé e wo níwájú fèrèsé.

"Kò lè ya nǹkan kan mọ́, ìyàwó wa."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́." Ó na ọwọ́, ó gbà á padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún láti àárín.