Géètì Tí Mo Tì Mọ́ Màámá

Nígbà tí mi ò tíì mọ̀ pé ojú lè ti èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mò ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Festac. Òpópónà wa kò já síbì kankan, géètì irin sì wà lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà, torí náà ọwọ́ mi ni àgádágodo rẹ̀ máa ń wà lọ́sàn-án.

Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà yẹn. Màámá kan ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ láti kọ́ mi ní ìwé kíkà. Ojú máa ń tì mí, ohùn mi kì í jáde. Wọ́n á ní, "Gbé ohùn sókè! Ṣé ẹ̀fọn ló ń kàwé fún mi ni?" Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yẹn, tíráńsífọ́mà wa bàjẹ́ fún oṣù mélòó kan, síbẹ̀ bíìlì iná kò yé dé. Àwọn obìnrin àdúgbò ní àwọn á lọ fẹ̀hónú hàn ní ọ́fíìsì iná. Wọ́n já ewé dání, wọ́n ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Màámá wà lára wọn, pẹ̀lú bàtà kámbáàsì funfun lẹ́sẹ̀.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ ìbọn. Àwọn ọlọ́pàá ti yin tíágáàsì sáàárín wọn. Àwọn obìnrin ń sáré bọ̀, wọ́n ń wúkọ́, omijé ń dà lójú wọn. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti wọlé, àwọn ọkùnrin tó wà nínú ilé ń pariwo sí mi láti ojú fèrèsé: "Ti géètì! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wọlé wá bá wa ni?" Wọ́n sì ti fèrèsé wọn pa nítorí tíágáàsì.

Mo rí Màámá lẹ́yìn, orúnkún ń dùn wọ́n, ewé ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́pàá kan ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ó ṣì jìnnà. Àyè wà. Ẹ̀yin àbúrò mi, mi ò ní purọ́ fún yín, àyè wà.

Màámá di irin géètì mú. "Ṣí i díẹ̀ fún mi, ọmọ dáadáa."

Mo ti àgádágodo náà pa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹ́ onílé fẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá, torí àwọn ọlọ́pàá ní ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan Màámá, wọ́n ní ṣe ni Màámá kàn ṣubú. Alága ẹgbẹ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. "Ìwọ lo wà ní géètì. Kí lo rí?" Màámá jókòó síbẹ̀, apá wọn wà nínú báńdéèjì. Bí mo bá sọ ohun tí mo rí, wọ́n á bi mí pé ta ló ti géètì mọ́ Màámá.

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

Àǹtí mi ní, "Ẹ má bínú sà, ó máa ń tijú ni."

"Ìtìjú wo?" ni Alága wí. "Ṣé kì í fi ẹnu yẹn jẹun ni?"

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ni Màámá wí. Torí pé kò sí ẹlẹ́rìí, ẹgbẹ́ onílé ò kọ lẹ́tà náà mọ́. Èmi náà ò lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màámá mọ́. Bí wọ́n bá pè mí, mo máa ń díbọ́n pé mò ń fọ abọ́, títí àwọn ọmọ wọn fi wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara wọn.

Ayé ti yí padà. Lónìí, bí ọlọ́pàá bá gbé kóńdó sókè, fóònù mẹ́wàá ti ń ká a sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń na èèyàn, ṣùgbọ́n kò rọrùn mọ́ láti sọ pé ẹni tí wọ́n nà ló ṣubú. Lọ́jọ́ tiwa, ojú mi nìkan ló wà ní géètì yẹn.

Màámá kò ṣubú. Ọlọ́pàá náà fi kóńdó lù wọ́n lápá lẹ́ẹ̀mẹta, níwájú mi, èmi ni mo sì ti géètì.