Ojú Wo Ni Ẹ Tún Ṣe Lára Afárá Olójú-mẹ́ta?

Odò gbé Mummy Catherine Akínbíyì lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ìjọba kò rán ẹnikẹ́ni wá wọn. Àwọn apẹja ló wá wọn kiri títí wọ́n fi rí òkú wọn nínú koríko etí odò, àwa ará Ikosi la sì bo aṣọ lé wọn. Ohun tí ìjọba rí sọ ni pé kí ni àgbàlagbà ń wá lórí afárá nígbà òjò. Ṣé kí wọ́n fò délé ni?

Tíṣà ni Mummy kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ afárá yìí ni wọ́n fi ń ṣe fáàrí. Bàbá wọn wà lára àwọn tó to òkúta rẹ̀ láyé òyìnbó, nígbà tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà níbi tí ilé kún lónìí. Olójú-mẹ́ta là ń pè é, nítorí ihò mẹ́ta tí omi ń gbà lábẹ́ rẹ̀. Orí ihò kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí àbọ̀ igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Òkúta ló ń ti òkúta, kò sí irin kankan níbẹ̀. Mummy á ní, "Òkúta tí bàbá mi gbé síbẹ̀ ò yẹ̀ rí o! Ẹ lọ wo bíríìjì ìwòyí." Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí ìborùn á fi bọ́ lọ́rùn wọn. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀, ọkàn mi sì bàjẹ́.

Pàǹtí ọjà Mile 12 ló dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà: apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti já, àpò àlùbọ́sà, ọ̀rá. Mummy lọ bá àwọn tí iṣẹ́ ọ̀nà wà lọ́wọ́ wọn. Mummy ní, "Ojú afárá wa ti bàjẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe kí òjò tó dé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀dà ni wọ́n kó wá! Ojú tí omi ń gbà ni Mummy wí, ojú títì ni wọ́n gbọ́. Wọ́n rọ́ òkúta wẹ́wẹ́ sórí afárá, wọ́n da ọ̀dà lé e, ó ń dán yanran. Mummy padà lọ bá wọn, Tiwa ọmọ Mummy sì tẹ̀ lé wọn.

"Mummy, a ti ṣe ojú afárá yín now," ni ọ̀gá ibẹ̀ wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe smooth?"

"Ọmọ mi, ojú tí mọ́tò ń gùn kọ́ ni mo sọ. Ẹnì kankan ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀?"

"Ma, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ti ṣe commissioning ẹ̀."

Amúkùn-ún ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ọ̀dà yẹn gbé ilẹ̀ afárá sókè débi pé ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń dé ìbàdí àgbàlagbà tẹ́lẹ̀, kò ju orúnkún lọ mọ́. Òjò wá rọ̀. Omi kò ríhò gbà, ó gun orí afárá. Muideen tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá rí gbogbo rẹ̀. "Mummy di ògiri yẹn mú," ló ń wí, tó ń sunkún, "àmọ́ kò ga tó nǹkan kan. Omi kàn tì wọ́n gba orí ẹ̀ kọjá ni. Mi ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn!"

Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣé Ọlọ́run ló da ọ̀dà? Ẹ má purọ́ mọ́ Olúwa.

Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì dí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Orí afárá kan náà ni Tiwa ń gbà mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. "Uncle, mi ò ní ọ̀nà míì," ló sọ fún mi. "Tójú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, mo máa ń di ọmọ mi lọ́wọ́ mú kí n tó gun orí ẹ̀."

Ẹ̀yin ìjọba, ẹ dárúkọ ẹni tó pàṣẹ iṣẹ́ yẹn, kó wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú wa. Ẹ kó pàǹtí, kí ẹ sì gbé ògiri sókè, kí òjò tó tún dé. Bí ẹ bá sì ní iṣẹ́ yín dára bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ di ọmọ tiyín lọ́wọ́ mú, kí ẹ bá Tiwa kọjá.